Ààwẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù: kí ló fà á tí ọjọ́ fi di méjì?

Abíkẹ́ Leicester:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leicester, ìlú tí àwọn ọmọ Íńdíà pọ̀ sí gan-an láti ìgbà tí Idi Amin ti lé wọn kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Méjì nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù. Ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbàlagbà tí àwọn òbí wọn wá láti Gujarat, tí wọ́n sì bí wọn sí Kampala. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin láti Bihar, tó wá kàwé níbí, tó sì ríṣẹ́ dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì gba ààwẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú tí wọ́n ń pè ní Purnima. Ìyá gba tiwọn ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ títí òṣùpá fi yọ. Ọ̀dọ́bìnrin náà gba tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17. Òṣùpá kan ṣoṣo ló kúkú wà lójú ọ̀run, báwo ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe wá di méjì?

Ìbéèrè mi kejì ni pé ọ̀dọ́bìnrin yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi láàárọ̀ pé òun wà nínú ààwẹ̀, síbẹ̀, nígbà tó di aago kan ọ̀sán, mo bá a níbi tó ti ń jẹ nǹkan funfun wóró-wóró kan tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ẹ̀pà gígún sì wà nínú rẹ̀. Ojú tì mí láti bi í, kó má bàa dà bíi pé mò ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Olùkọ́ Ojú-Ọ̀run:
Abíkẹ́, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi, nítorí pé àwọn méjèèjì ló gbà á lọ́jọ́ tó yẹ. Ọjọ́ tí àwa ń kà láti ọ̀gànjọ́ òru dé ọ̀gànjọ́ òru kọ́ ni ààwẹ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ òṣùpá tí wọ́n ń pè ní tithi ni wọ́n ń lò. Nígbà tí oòrùn àti òṣùpá bá wà lójú kan náà lójú ọ̀run, òṣùpá kì í hàn sí wa rárá. Láti ibẹ̀ ni òṣùpá yóò ti máa ya oòrùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbàkígbà tó bá sì ti fi dígírì 12 jìnnà sí i, tithi kan ti pé. Dígírì 360 ló wà nínú òbìrí, nítorí náà tithi 30 ló wà nínú oṣù kan. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni Purnima. Yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlàfo àárín oòrùn àti òṣùpá bá pé dígírì 168, yóò sì parí ní ìṣẹ́jú náà gan-an tó bá pé 180, tí òṣùpá kọjú sí oòrùn gbọngbọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́ pọ̀ ni pé òṣùpá kì í rin ìrìn kan náà lójoojúmọ́. Bó bá súnmọ́ ayé, eré ló máa ń sá. Bó bá jìnnà, a máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nítorí èyí, tithi kan lè gùn tó nǹkan bíi wákàtí 26, òmíràn a sì kúrú sí bíi wákàtí 20, ó sì lè wọlé láàárọ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Òṣùpá àrànmọ́jú oṣù kẹwàá yìí ló súnmọ́ ayé jù lọ nínú gbogbo ti ọdún 2024, ìdí nìyẹn tí Purnima rẹ̀ fi kúrú. Ní aago Íńdíà, ó wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú alẹ́ Ọjọ́rú, ó sì jáde nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lù. Wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 15 péré nìyẹn. Bí a bá yí i sí aago tiyín lọ́hùn-ún, ó wọlé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó sì jáde ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Wàyí o, nígbà tí òṣùpá yọ ní Leicester ní alẹ́ Ọjọ́rú, Purnima ti wọlé. Nígbà tí oòrùn yọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Purnima ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣùpá tún yọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Purnima ti lọ láti ọ̀sán. Ẹni tí ààwẹ̀ rẹ̀ so mọ́ yíyọ òṣùpá kò ní ọjọ́ mìíràn ju Ọjọ́rú lọ. Ẹni tó jẹ́ pé yíyọ oòrùn ló fi ń mọ tithi tó ni ọjọ́, Ọjọ́bọ̀ ni tirẹ̀.

Abíkẹ́ Leicester:
Ẹ ṣeun gan-an, Olùkọ́. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ìyá tó wà ní Íńdíà lè gbààwẹ̀ lónìí, kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní England gbà á lọ́la?

Olùkọ́ Ojú-Ọ̀run:
Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú tí tithi wọlé jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n yíyọ oòrùn àti yíyọ òṣùpá kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìlú dé ìlú, ìdí nìyẹn tí ìwé-ọjọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní panchang, fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣírò fún ìlú tí ènìyàn ń gbé. Nínú Íńdíà fúnra rẹ̀ pàápàá, lọ́dún 2023, àwọn kan dá iná Holika, èyí tó ṣáájú ọdún Holi, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, àwọn mìíràn sì dá a ní ọjọ́ 7. Kí n tún fi kún un pé àwọn ará Bihar àti àwọn ará Gujarat kì í parí oṣù pọ̀: ní Bihar, òṣùpá àrànmọ́jú ló ń pa oṣù dé, ní Gujarat, àìhàn òṣùpá ló ń pa á dé. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe Purnima kò yàtọ̀, nítorí pé ìdajì oṣù tí òṣùpá fi ń kún kò sí nínú àríyànjiyàn náà.

Ọmọ Ìlúpéjú:
Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kejì, torí pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, ilé ìdáná sì ni iṣẹ́ mi. Mo se oúnjẹ fún ìdílé kan láti Maharashtra ní Ìlúpéjú, ní Èkó, fún ọdún mẹ́sàn-án. Abíkẹ́ arábìnrin mi, nǹkan funfun tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹ̀gẹ́ ni! Sabudana ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní agbègbè Salem, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: wọn á bó ẹ̀gẹ́, wọn á rin ín, wọn á fọ ọ́ kí sítáàṣì rẹ̀ lè sílẹ̀, wọn á wá gbọ̀n ọ́n títí yóò fi di wóró-wóró, wọn á yan án díẹ̀, wọn á sì sá a gbẹ. Ẹni tó bá ti jẹ tàpíókà ní Badagry tàbí ní Kútọnu kò lè sọ pé òun kò mọ ìbátan rẹ̀. Ọ̀gá mi obìnrin kọ́ mi pé kí n rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀ mọ́jú, kí omi náà má ju ohun tí yóò kàn bò ó lọ, nítorí pé bí omi bá pọ̀, yóò di lẹ̀ẹ́. Láàárọ̀, n ó da ẹ̀pà yíyan tí mo gún sí i, n ó yọ́ ghee, ìyẹn òróró bọ́tà, sínú páànù, n ó fi èso kumin àti ata tútù sí i, pòtétò bíbọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni sabudana.

Ohun tí wọn kì í fẹnu kàn lọ́jọ́ náà ni ìrẹsì, àlìkámà, ẹ̀wà oríṣiríṣi, àlùbọ́sà àti aáyù. Iyọ̀ inú ọjọ́ ààwẹ̀ pàápàá yàtọ̀: iyọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú òkúta ni, kì í ṣe iyọ̀ òkun. Wọ́n tún máa ń fi ìyẹ̀fun kan ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ, rajgira ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bèèrè ohun tó jẹ́, mo rí i pé èso ọ̀kan nínú àwọn ìbátan tẹ̀tẹ̀ wa ni wọ́n lọ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀gẹ́, pòtétò, ẹ̀pà àti ata, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, wọn kò sì dé Íńdíà kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú òkun. Ààwẹ̀ náà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí oúnjẹ tí wọ́n ń fi gbé e ró tó dé. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò sí lára ọkà tí òfin àtijọ́ dárúkọ, wọ́n rí ọ̀nà wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Purnima, wọ́n máa ń ka ìtàn Satyanarayan, orúkọ kan tí wọ́n ń pe Vishnu, òrìṣà ńlá wọn; ẹ̀ka márùn-ún ni ìtàn náà ní. Ọkùnrin oníṣòwò kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá bímọ òun yóò ṣe ìsìn yìí. Ó bí ọmọbìnrin, ó ní ó di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ. Ọmọ lọ́kọ, ó tún sún un síwájú, títí tí wọ́n fi purọ́ olè mọ́ òun àti àna rẹ̀, tí wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n bọ́ tán, tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń bọ̀ wá gúnlẹ̀, ọmọbìnrin náà, Kalavati, ń ṣe ìsìn náà lọ́wọ́ nílé. Bó ti gbọ́ pé ọkọ òun dé, ó sáré jáde láì tọ́ oúnjẹ ìsìn wò, ọkọ̀ àti ọkọ sì pòórá lójú omi. Ó di ìgbà tó padà lọ jẹ ẹ́ kí ó tó rí ọkọ rẹ̀.

Oúnjẹ ìsìn náà, sẹ̀mó ni, tí a yan nínú ghee, tí a fi ṣúgà, wàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí. Ìwọ̀n kan àti ìdámẹ́rin ni wọ́n máa ń wọn sẹ̀mó, kì í ṣe ìwọ̀n kan géérégé. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi na àwo rẹ̀ sí mi, mo dáhùn pé mo ti yó. Ojú wọn yí padà. Lẹ́yìn tí wọ́n sọ ìtàn Kalavati fún mi, n kò kọ̀ ọ́ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Àlàájà Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ kú àlàyé o. Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, n kò fi tàbùkù ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀sìn tiwa náà, ààwẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú wà: ọjọ́ kẹtàlá, ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù òṣùpá, àwọn ọjọ́ funfun, tí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá mú kí òru wọn mọ́lẹ̀. Sùnnà ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn, mo sì máa ń gbà á nígbà tí ara bá yá. Ṣùgbọ́n láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, omi pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹni tó jẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ̀pà àti pòtétò lọ́sàn-án, kí ló wá fi sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀sìn:
Àlàájà, ẹ kú ìbéèrè, kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ààwẹ̀ ní èdè Sanskrit ni upavasa. Upa jẹ́ ìtòsí, vasa jẹ́ gbígbé. Gbígbé nítòsí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn nítòsí ẹni tí wọ́n ń sìn. Ọ̀rọ̀ kejì ni vrata, ẹ̀jẹ́ ni ìyẹn. Láàárọ̀, ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ yóò wẹ̀, yóò bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò fi wọn ara rẹ̀. Bó bá sọ pé òun kò ní mu omi, tí ó sì mu ún, ó ti da ẹ̀jẹ́. Bó bá sọ pé èso àti wàrà ni òun yóò jẹ, tàbí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun yóò jẹun lójúmọ́, kò da nǹkan kan nígbà tó bá jẹ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn fi sílẹ̀ ni ọkà, oúnjẹ tó jẹ́ pé bí a kò bá jẹ ẹ́ ní Bihar, ènìyàn a máa sọ pé òun kò tíì jẹun, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn nílé wa ṣe máa ń sọ bí kò bá tíì fọwọ́ kan òkèlè.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo tiwọn ló rọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọjọ́ 20, ìyẹn ọjọ́ òṣùpá kẹrin lẹ́yìn Purnima tí a ń sọ yìí, ni Karva Chauth. Àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Punjab, Rajasthan àti Uttar Pradesh ń gbà á nítorí ẹ̀mí ọkọ wọn. Wọn kì í jẹ, wọn kì í mu láti ìdájí títí òṣùpá yóò fi yọ, òṣùpá ọjọ́ kẹrin kì í sì í tètè yọ. Inú asẹ́ ni wọ́n ti ń wo òṣùpá náà, kí wọ́n tó yíjú sí ọkọ, kí ọkọ tó fún wọn ní omi mu. Bí òjò bá ṣú bo ojú ọ̀run, ìdúró dé nìyẹn. Ìyá Mahatma Gandhi ní irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oòrùn: lásìkò òjò kan, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní jẹun lọ́jọ́ tí àwọn kò bá rí oòrùn. Àwọn ọmọ á dúró níta, wọn á máa wo òkè, bí oòrùn bá yọjú wọn á sáré pe ìyá wọn, kí ìyá tó jáde, ìkùukùu á ti bò ó. Ìyá a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn láì bínú. Aláìsàn, aboyún, arúgbó àti ọmọdé ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún.

Ní ti Purnima fúnra rẹ̀, méjìlá ni nínú ọdún lásán, ó sì máa ń di mẹ́tàlá nígbà tí oṣù àfikún bá wọlé, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. N kò ní ka gbogbo rẹ̀. Ní ti oṣù Jyeshtha, àwọn obìnrin Maharashtra àti Gujarat á gbààwẹ̀, wọn á sì yí igi ńlá kan tó jẹ́ ìbátan igi ọdán wa ká, tí wọn á máa fi òwú wé e, nítorí Savitri tó bá Yama, ọba ikú, rojọ́ títí ó fi gba ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ padà. Ní ti Shravana, àwọn apẹja Koli ní etíkun Mumbai á ju àgbọn sínú òkun kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìjì òjò. Ní ti Phalguna, àwọn ọmọlẹ́yìn Krishna tí ẹ máa ń rí ní Èkó pẹ̀lú ìlù àti aṣọ aláwọ̀ ọsàn gbààwẹ̀ títí òṣùpá fi yọ, nítorí pé alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Chaitanya, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, ní Bengal lọ́dún 1486. Èyí tí Abíkẹ́ rí ni Sharad Purnima, ti oṣù Ashvin, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ojú ọ̀run mọ́. Wọ́n gbà pé Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, ń káàkiri lóru náà, ó sì ń bèèrè pé, ta ló wà lójúfò? Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ rẹ̀ fi so mọ́ alẹ́ ju ọ̀sán lọ.

Ẹlẹ́bọ́ọ̀lù Ìlera:
Ẹ ti fi ìdí tó ṣe kókó jù sílẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn. Bí òṣùpá àrànmọ́jú ṣe ń fa omi òkun sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń fa omi inú ara wa, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Íńdíà fi ní kí ikùn ṣófo lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́ Ojú-Ọ̀run:
Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Íńdíà náà, ṣùgbọ́n kò dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà méjì nínú oṣù ni omi òkun máa ń ru jù lọ: ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú àti ìgbà tí òṣùpá kò hàn rárá. Bó bá jẹ́ pé fífà ni ìdí rẹ̀, ọjọ́ méjèèjì ì bá dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, òkun ń ru nítorí pé ó gbòòrò yí ayé ká, tí òṣùpá sì ń fa apá tó súnmọ́ ọn ju apá tó jìnnà sí i lọ. Láàárín orí ènìyàn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan kan. Omi inú ìkòkò pàápàá kì í ru, kí a tó wá sọ ti inú iṣan. Paríparí rẹ̀, ààwẹ̀ tó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Vishnu ni Ekadashi, ọjọ́ kọkànlá òṣùpá, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, òun kò sì bọ́ sí ìgbà tí òkun ń ru. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́, kò nílò fìsíìsì láti gbè é lẹ́sẹ̀.

Àlàájà Ọmọ Ọ̀fà:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́, ìdáhùn yín yé mi, pàápàá ti òkèlè yẹn. Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, lè jẹ ìrẹsì àwo méjì kí wọ́n sì bèèrè pé ìgbà wo ni oúnjẹ yóò jinná.

Abíkẹ́ Leicester:
Mo padà dé. Mo ṣe ọkàn akin lónìí, mo bi àwọn méjèèjì, inú wọn sì dùn. Ìyá Gujarat sọ fún mi pé wàrà ni àwọn máa ń fi ìrẹsì pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ṣúgà, àwọn á sì gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá yóò ti kàn án kí àwọn tó fi ṣínu. Wọ́n ní wàhálà ńlá ni lọ́dún tó kọjá, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2023, tó jẹ́ Sharad Purnima, ni òjìji ayé bo etí òṣùpá, kò sì yẹ kí oúnjẹ wà níta nígbà tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀. Láti wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú ni kò ti yẹ kí ènìyàn jẹun. Àwọn kan gbé wàrà tiwọn jáde lẹ́yìn tí ó kọjá, àwọn kan já ewé tulsi sínú rẹ̀ kó lè dáàbò bò ó. Wọ́n fi ewé náà hàn mí nínú ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ní ìbátan efinrin nìyí! Ọ̀dọ́bìnrin Bihar ní tòun, ìyá òun ló máa ń pe òun láti Patna láti sọ ọjọ́, òun kì í ṣírò nǹkan kan.

Olùkọ́, mo tún bi wọ́n ní ti oṣù tó ń bọ̀, Kartik Purnima, tí wọ́n ń tan àtùpà wẹ́wẹ́ sí etí odò Ganges ní Varanasi. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, ni àwọn méjèèjì dárúkọ.

Olùkọ́ Ojú-Ọ̀run:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní aago tiyín, yóò wọlé ní òru, kí aago kan tó lù, kò sì ní jáde títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kan náà. Yíyọ oòrùn àti yíyọ òṣùpá bọ́ sínú rẹ̀ pọ̀.

Abíkẹ́ Leicester:
Àṣé ibi tí wọ́n ń lọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ti ń bẹ̀ mí láti òwúrọ̀ pé kí n bá àwọn gba iṣẹ́ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì yẹn, ara kan ṣoṣo ni mo sì ní. N ó dá Ìyá lóhùn, torí pé wọ́n jù mí lọ; ọ̀dọ́bìnrin náà ti ní òun yóò se sabudana fún mi bí mo bá lè bá òun wá ẹlòmíràn.